Orúkọ Ìdílé Kọ́ Ni Ẹ Ó Fi Rí Wọn: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Wá Ìwé Ìbí Bàbá Ńlá Rẹ̀ ní Bahia

Òǹkàwé kan láti Sùúrùlérè kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ń jẹ́ Manuel. Àgùdà ni wọ́n, Pópó Àgùdà ní Èkó ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ibojì wọn pé ọdún 1926 ni wọ́n kú, pé ẹni ọdún 74 ni wọ́n, àti pé Bahia ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí wọn. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní Salvador, mo fi orúkọ wọn àti orúkọ ìdílé wa ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ‘nada consta’. Ẹni tó bá mi túmọ̀ rẹ̀ ní wọn ò rí nǹkan kan. Àbúrò mi sọ pé ìjọba ibẹ̀ ti dáná sun gbogbo ìwé tó kan ẹrú. Ọkùnrin kan wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ní òun lè mú ìwé ìbí náà jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí a bá sanwó. Ìyá àgbà kan ṣoṣo tó kù nínú ẹbí kò mọ̀ ju pé Ìyá Filisidádì ló bí Bàbá, àti pé ‘ọmọ Pílà’ ni wá, a ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Pílà. Ṣé kí a sanwó ni, àbí kí a gbà pé ìwé náà ò sí?”

Ẹ má sanwó. Ẹ má sì tíì gbà pé ìwé kò sí. Àwọn tó dá yín lóhùn ní Salvador kò purọ́, wọn ò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Ilé tí Bàbá kò gbé rí ni ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ́fíìsì yẹn, tí wọ́n ń pè ní “cartório” lọ́hùn-ún, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1889 ló di dandan káàkiri Bùràsíìlì pé kí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ tuntun síbẹ̀. Ìjọba ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1851, ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà yarí. Wọ́n ní ìwé náà ni wọn yóò fi sọ ọmọ tálákà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú di ẹrú, ìjọba sì jáwọ́. Tí ohun tó wà lára òkúta ibojì bá tọ́, nǹkan bí ọdún 1852 ni wọ́n bí Bàbá. Wọ́n ti ń lọ sí ẹni ọdún 37 kí wọ́n tó ṣí ìwé àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì tí ẹ kọ̀wé sí. Kò sí bí orúkọ wọn ṣe fẹ́ wà níbẹ̀.

Kí ìjọba tó gba iṣẹ́ yìí ṣe, ọwọ́ ìjọ Kátólíìkì ló wà. Ìjọ yẹn ni ìjọ ìjọba títí di ọdún 1890, ọmọ olówó, ọmọ tálákà àti ọmọ ẹrú ni wọ́n sì ń gbé lọ ṣe ìrìbọmi. Fádà páríìṣì á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, á fọwọ́ sí i. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ni ẹ ń wá, kì í ṣe ìwé ìbí, àwọn méjèèjì kò sì rí bákan náà. Ọjọ́ tí fádà bu omi sí ọmọ lórí ló máa ń kọ. Ọjọ́ ìbí lè má sí níbẹ̀ rárá. Ó lè kàn kọ pé ọmọ oṣù mẹ́ta ni, tàbí ọmọ ọdún kan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú lè pẹ́ kó tó dé ojú omi, nítorí ìgbà tó bá wu olówó ìyá rẹ̀ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń yan ọdún tí ẹ ó wò. Ẹ tún rántí pé ẹni tó kọ “74” sára òkúta lè má mọ̀ ju pé Bàbá ti dàgbà gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1845, kí ẹ wò ó dé 1860.

Irú gbólóhùn tí ẹ ó máa bá pàdé nínú ìwé náà nìyí: “baptizei solemnemente a Pedro, crioulo, de seis mezes, filho natural de Rita, nagô, escrava de…”, orúkọ olówó Rita á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà “foram padrinhos”, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá àti ìyá ìrìbọmi. Ohun tí fádà ń sọ ni pé òun ṣe ìrìbọmi fún Pedro, ọmọ oṣù mẹ́fà, tí Rita bí, pé Nàgó ni Rita, ẹrú lágbájá sì ni. “Crioulo” ni ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Bùràsíìlì. “Africano” ni ẹni tí wọ́n kó lọ láti ilẹ̀ wa. “Nagô” ni àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá, “jeje” ni àwọn Fọ̀n àti àwọn ìbátan wọn, “haussá” kò ṣòro, “tapa” sì ni àwọn Nupe, orúkọ tí àwa náà ń pè wọ́n títí dòní. “Forra” tàbí “liberta” ni obìnrin tó ti gba òmìnira. “Filho natural” kò túmọ̀ sí ọmọ àlè bí àwọn kan ṣe ń bínú sí i. Ó kàn túmọ̀ sí pé ìyá àti bàbá kò ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹrú díẹ̀ ló rí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí orúkọ bàbá kì í fi í sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá rí ti Bàbá tí kò sí orúkọ bàbá wọn, ẹ má ṣe rò pé wọn ò mọ bàbá wọn. Fádà ni kò kọ ọ́.

Ẹ padà wo gbólóhùn yẹn. Kò sí orúkọ ìdílé níbẹ̀. Pedro ni wọ́n pe ọmọ náà, ó parí. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ Àgùdà láàmú nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan: wọ́n á tẹ orúkọ àti orúkọ ìdílé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí wọn ò bá tan á jáde, ẹni tí wọ́n ń wá kò ní sí láàárín wọn. Ìgbà tí ènìyàn bá gba òmìnira, tàbí tó bá dàgbà tó fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan níwájú òfin, ni orúkọ ìdílé ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ló gba orúkọ olówó wọn. Àwọn mìíràn gba orúkọ bàbá ìrìbọmi, àwọn mìíràn gba ti ẹni mímọ́ tàbí ti àjọ̀dún ìjọ: da Conceição, dos Santos, do Espírito Santo, do Bonfim. Ọmọ ìyá méjì lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin kan náà lè jẹ́ Felicidade Maria nínú ìwé kan, kó jẹ́ Felicidade da Conceição nínú òmíràn.

Nítorí náà, ẹ yí i padà. Ẹ má fi orúkọ ìdílé yín wá ọmọ. Ẹ fi wá olówó. Bí orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lónìí bá jẹ́ ti ẹni tó ni ìyá Bàbá rí, ẹni tí ẹ ń wá nínú ìwé ìrìbọmi ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Felicidade, tí olówó rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìdílé yín, tó gbé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Manuel wá. Orúkọ mẹ́ta tó bára mu lójú kan náà nìyẹn, ó sì lágbára ju orúkọ ìdílé kan ṣoṣo lọ fíìfíì. Bí ó bá sì jẹ́ pé Felicidade ti gba òmìnira kó tó bí ọmọ, wọ́n á kọ orúkọ tirẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ pẹ̀lú “africana liberta”, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ ìdílé yín ti wá. Ẹ tún máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ “forro” nínú àkọsílẹ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn olówó kan máa ń dá ọmọ sílẹ̀ lójú omi ìrìbọmi gan-an, nígbà mìíràn nítorí pé ìyá tàbí bàbá ìrìbọmi ti san owó ìràpadà ọmọ náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ olómìnira tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrú, fádà á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi tọkàntọkàn gbé yẹ̀ wò kí ẹ tó lọ jìnnà. Ṣé wọ́n bí Bàbá sí Bahia ni, àbí wọ́n kó wọn lọ síbẹ̀? Lẹ́nu àwọn àgbà, “Àgùdà ni wọ́n” lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó sì lè má tilẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀kankan. Orúkọ Potogí ní Èkó kò fi dandan jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn dé Bùràsíìlì rí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé Àgùdà, àwọn kan gba orúkọ bàbá ìrìbọmi wọn ní Èkó níbí, àwọn kan ti Cuba wá. Ní ti yín, ọdún náà ń gbè yín. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1850 ni Bùràsíìlì ṣe òfin tó dá kíkó ẹrú gba orí òkun dúró ní tòótọ́, òfin ọdún 1831 tó ṣáájú rẹ̀ kò múlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1852, tó sì wà ní Bahia, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá fi ọdún mẹ́wàá ṣìnà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́ tí wọ́n sì tà lọ kò ní ìwé ìbí níbikíbi láyé. Ohun tí ẹ lè rí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àgbàlagbà, ìwé òmìnira àti ìwé ìrìnnà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìwé ìbí fún yín fún ẹni tí kò ní ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ iná tí àbúrò yín sọ, ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 1890, Rui Barbosa tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun ìwé ẹrú tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì ìṣúná. Òmìnira gbogbo ẹrú ti dé láti ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1888, àwọn olówó ẹrú tẹ́lẹ̀ sì ń béèrè owó gbà-má-bínú. Láìsí ìwé, wọn ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé owó orí àti ti ìforúkọsílẹ̀ ẹrú lọ́dọ̀ ìjọba ni àṣẹ náà kàn. Kò kan ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, kò kan ìwé àwọn akọ̀wé òfin, kò kan ìwé ọlọ́pàá àti ti gómìnà. Ohun tó ba ìwé ìrìbọmi jẹ́ ní Bahia ju iná yẹn lọ ni ikán, ọ̀rinrin, àti tàdáwà àtijọ́ tó ń jẹ bébà títí á fi dá lu.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ní Èkó ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn fádà SMA láti ilẹ̀ Faransé fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí wọ́n kọ sì lè ní ohun tí òkúta ibojì kò ní. Ẹ wá ìgbéyàwó Bàbá kí ẹ tó wá ìsìnkú wọn, nítorí ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti máa ń béèrè ìyá àti bàbá ọkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìrìbọmi gbogbo ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá ṣe bàbá ìrìbọmi fún wọn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ dé. Àwọn ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún ní kóòtù Èkó náà wà. Ẹ kọ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà sílẹ̀, má fo ọ̀kankan. Manuel lè di Manoel tàbí Emanuel. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ Potogí bó ṣe gbọ́ ọ: ìdílé Sowzer tó wà ní Salvador dòní, Souza ni orúkọ náà, Èkó ló ti gba aṣọ tuntun kó tó padà sí Bahia. Àwọn mìíràn sì bọ́ orúkọ Potogí sílẹ̀ pátápátá, bíi Adéyẹmọ Alákijà tó jẹ́ Plácido Assumpção títí di ọdún 1913. Bí ẹ bá rí orúkọ Yorùbá Bàbá, ẹ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí rẹ̀ nínú ìwé fádà Bahia. Fádà kì í kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti kó ìyẹn jọ, ẹ lọ sí FamilySearch. Ìjọ Mormon ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó kàn forúkọ sílẹ̀ ni. Wọ́n ti ya àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ẹ má dúró lórí àpótí tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ inú wọn jáde, nítorí náà àpótí yẹn kò lè rí wọn. Ẹ wọ kátálọ́ọ̀gù, ẹ tẹ Brasil, Bahia, Salvador, ẹ yan páríìṣì, ẹ wá “batismos” (ìrìbọmi), kí ẹ wá máa ṣí ojú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àwòrán kámẹ́rà, ẹ lè wò ó nílé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí kámẹ́rà náà, ẹ ní láti lọ wò ó ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn. Orúkọ páríìṣì àárín ìlú Salvador nígbà ayé Bàbá ni Sé, São Pedro, Santana, Passo, Santo Antônio, Vitória, Brotas, Conceição da Praia, Pilar àti Penha. Ìwé kan fún páríìṣì kan lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹ tó kà á tán, ẹ má fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo dá a.

Ọwọ́ ìkọ̀wé ló máa kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín. Ẹ mú ojú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan náà ni fádà ń tún kọ, kí ẹ tó dé ojú ìwé kẹwàá ojú yín á ti mọ ọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún ìkékúrú: “M.el” ni Manuel, “Fran.co” ni Francisco, “Ant.o” ni Antônio, “Roiz” ni Rodrigues, “Glz” ni Gonçalves. Èyí tó ń mú ènìyàn ṣìnà jù ni oṣù. “7bro” kì í ṣe oṣù keje, oṣù kẹsàn-án ni. “8bro” ni oṣù kẹwàá, “9bro” ni oṣù kọkànlá, “10bro” ni oṣù kejìlá, nítorí pé orúkọ oṣù ní Potogí ni nọ́ńbà náà ń pè, kì í ṣe ipò oṣù. Iwájú ewé ìwé nìkan ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “v”. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí nǹkan, ẹ kọ páríìṣì, nọ́ńbà ìwé, ewé (bíi 45 tàbí 45v) àti nọ́ńbà àwòrán sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà. Láìsí ìyẹn, ẹ lè má tún padà rí i mọ́. Òun náà ni ẹ ó fi kọ̀wé sí ilé ìwé àtijọ́ ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà Salvador, tó wà lábẹ́ ìtọ́jú Laboratório Eugênio Veiga ní yunifásítì Kátólíìkì ibẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ìwé páríìṣì náà ti jẹrà tàbí pé ọdún tí ẹ ń wá ti sọnù. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé wọlé nígbà náà. Ilé ìkówèépamọ́sí ìpínlẹ̀ Bahia wà ní Salvador, Arquivo Público do Estado da Bahia ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ ìwé ìrìnnà wà. Africano tó ti gba òmìnira kò lè wọkọ̀ lọ sí “Costa da África” (etíkun Áfíríkà) láìgba ìwé ìrìnnà, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Felicidade, tó ń mú ọmọ rẹ̀ crioulo tó ń jẹ́ Manuel lọ sí Èkó, ẹ̀rí tó dára ni, bí kò tilẹ̀ sí ìrìbọmi. Ẹ má dúró lórí ìrìnàjò kan ṣoṣo. Àwọn Àgùdà ń lọ wọ́n ń bọ̀. Martiniano do Bonfim, babaláwo olókìkí ní Salvador, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1859, ó wá sí Èkó ní 1875, ó sì padà sílé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Ìwé òmìnira ńkọ́? Inú ìwé àwọn akọ̀wé òfin ló wà, “livros de notas”. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣonígbọ̀wọ́ yíya àwòrán ìwé wọ̀nyí fún Bahia láti 1664 dé 1889, nínú ètò Endangered Archives, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò wọn. Ìwé òmìnira máa ń sọ orúkọ olówó, ẹ̀yà ẹni náà, iye tó san, àti nígbà mìíràn ohun tó gbọ́dọ̀ máa ṣe títí olówó yóò fi kú.

Ibì kan wà tí orúkọ Yorùbá ti hàn nínú ìwé Bahia, ó sì dùn mí pé ìbànújẹ́ ló gbé e wá. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní Salvador ní oru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1835, adájọ́ béèrè orúkọ ilé lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mú. Jorge da Cruz Barbosa tí wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún náà, “Ajahi” ni wọ́n kọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Àjàyí ni. Lẹ́yìn ogun yẹn ni ìjọba Bahia bu owó orí mil-réis mẹ́wàá lọ́dọọdún lé africano tó ti gba òmìnira, tí wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀ mọ́. Ohun tó lé ọ̀pọ̀ padà sílé nìyẹn.

Ní ti ọkùnrin WhatsApp yẹn: ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí ìwé ìbí láti “cartório” fún ọdún 1852 ń tà ohun tí kò lè wà. Iṣẹ́ wíwá ìwé ní Salvador jẹ́ iṣẹ́ gidi, àwọn tó kàwé nípa ìtàn ń ṣe é, wọ́n sì lè ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ gba irú wọn síṣẹ́, àsìkò rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ti parí ti Èkó. Ẹ sọ ìwé tí ó máa wò ní pàtó, páríìṣì yìí, ọdún yìí sí ọdún yìí, kí ẹ sanwó díẹ̀díẹ̀, kí ó sì kọ àwọn ìwé tó wò tí kò rí nǹkan nínú wọn sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú. Àìrí náà jẹ́ èsì tó yẹ kí ẹ san owó fún, kò ní jẹ́ kí ẹ tún ọ̀nà kan náà rìn. Ọ̀nà FamilySearch kò ná yín ju dátà lọ, àsìkò ni ó ń jẹ. Fún ìdílé tó ní ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó lè jókòó tì í, òun ni mo fara mọ́. Àyẹ̀wò DNA lè mú ìbátan kan yọ sí yín ní Salvador, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ìyá Bàbá fún yín.

Ẹ kò béèrè nípa páálí ìwé ìrìnnà Bùràsíìlì, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń wà lẹ́yìn irú ìbéèrè báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1824 gbà pé ẹni tí wọ́n bí sí ibẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú tó bá ti wà lómìnira, ṣùgbọ́n kò ka africano tó gba òmìnira sí ọmọ onílùú. Lónìí, ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bùràsíìlì lè gba ẹ̀tọ́ náà bí wọ́n bá tilẹ̀ bí i sí òkèèrè, ṣùgbọ́n láti ìran dé ìran ló ń lọ, òkú kò sì lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́ńsólétì. Ìran méjì ló wà láàárín yín àti Bàbá Manuel. Ẹ wá wọn nítorí pé wọ́n bí yín, ẹ má wá wọn nítorí páálí.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yín pamọ́ di ìgbẹ̀yìn nítorí òun ló níye lórí jù nínú lẹ́tà yín. Filisidádì ni Felicidade, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n kó lọ. Pílà ni ẹ rò pé ó jẹ́ ènìyàn. Ẹ tún wo orúkọ àwọn páríìṣì tí mo kọ sókè: Pilar, Nossa Senhora do Pilar, wà ní ìsàlẹ̀ ìlú Salvador, lẹ́bàá èbúté, níbi tí àwọn aláàárù àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹnu Yorùbá kì í gbé “r” ìparí ọ̀rọ̀. “Ọmọ Pílà” sì dún bí “ọmọ Èkó”, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ ènìyàn lóòótọ́, nítorí àwọn obìnrin kan ń jẹ́ Maria do Pilar, páríìṣì mìíràn tó ń jẹ́ Pilar sì wà níbòmíràn ní Bùràsíìlì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìwé ìrìbọmi Pilar, 1845 sí 1860, gbogbo Manuel àti Manoel tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Felicidade. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bọ́ sí Conceição da Praia tó wà létí rẹ̀, lẹ́yìn náà Santo Antônio tó wà lókè rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí ojú ìwé kankan, ẹ padà lọ bá ìyá àgbà. Ẹ béèrè bóyá “ní Pílà” ni àwọn tó ṣáájú wọn máa ń sọ, àbí “Pílà ló bí wa”. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ẹ má bá wọn tún un ṣe.